Ọ̀rọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú: Jẹnẹrétọ̀, agádágodo àti àwọn ọmọ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù

Àkọsílẹ̀ ohùn mẹ́ta tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn.

OHÙN KÌÍNÍ

     Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, kẹ̀kẹ́ ni, ẹ má bínú.

Akọ̀wé ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọjọ́ kan wà, 28 oṣù kẹrin, tí gbogbo àgbáyé fi ń rántí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọọdún, pé láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, mo ní akọ̀wé, ṣé ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọpo ní Ekpan kọ́ nìyẹn? Àwọn tó ń dé akoto, tí wọ́n ń wọ bàtà onírin? Àwa tá à ń ta ike, tá à ń ta aṣọ àti èlùbọ́, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ló kàn." Mo dákẹ́, torí mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ díẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. N ó sọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí bó ṣe rí, kó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíì lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Wàrì. 1994 ni mo dé. Wàhálà 1997 bá mi níbí, mo sá lọ sílé, mo tún padà. Ike ni mo ń tà látìgbà yẹn: báfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kúlà, àga oníke. Ọmọ méjì ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sì ń sùn, ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. N ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ti lo ọdún mẹ́ta, àbúrò kò tíì pé ọdún kan. Ìyá àbúrò yìí fúnra rẹ̀ ló mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, òun nìkan ni ọkùnrin tí mo bí."

Olè ti jà mí lẹ́ẹ̀mejì rí. Nítorí náà, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti wọlé, èmi fúnra mi ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn irin láti ìta. Agádágodo ńlá méjì. N ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, n ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Bọ́gílárì wà lójú fèrèsé iwájú, ó wà lójú ti ẹ̀yìn. Ọkàn mi máa ń balẹ̀. Mo máa ń sọ pé kò sí eku tó lè wọ ibẹ̀.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni. Ẹ mọ òjò Wàrì, tó bá bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ mẹ́ta. NEPA mú iná lọ láàárín òru, ooru mú, ẹ̀fọn dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá wọn àti ọjà la máa ń gbé e sí lálẹ́, torí òjò àti torí àwọn tó ń jí i. Bí aago mẹ́rin ìdájí ṣe ń lọ lù, àwọn ọmọ dìde, wọ́n tan án níbẹ̀, wọ́n gbé fáànù síwájú, wọ́n padà sùn.

Ìyá Urhobo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ta sítáàṣì àti gàrí. Aago márùn-ún ni ìyá yẹn ti máa ń dé. Ó ní òun ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ láti inú, òun sì ń gbọ́ kinní kan tó ń gbá ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, kò le, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ọwọ́ ṣeré. Ó pè wọ́n, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ó rí ìka ọwọ́.

Àbúrò ni. Orí fífọ́ ló jí i, ó bì, ó fà dé ẹnu ilẹ̀kùn lórí ìkùn rẹ̀ nínú òkùnkùn, láàárín báfù àti àga. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dé ibi tó yẹ kó dé. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí.

Ìyá yẹn pè mí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, "Oga, bring key! Your pikin dey die o!" Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò mi tó kọ́ sára ilẹ̀kùn nílé. Kí n tó rí kẹ̀kẹ́ nínú òjò, kí n tó dé ọjà, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ká ní èmi ni wọ́n dúró dè, òkú ni ǹ bá bá. Ọlọ́run ló fi ọdẹ ọjà síbẹ̀, ọmọ Hausa kan, òun àti àwọn alábàárù méjì. Wọ́n fi irin já agádágodo mi. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n wọ́ àwọn ọmọ jáde sínú òjò. Àbúrò ń mí. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìbùsùn, kò mọ nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó.

Ìgbà tí mo dé, ẹnì kan ti gbé ìgò epo pupa wá, ó ti ń dà á sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Kí n má purọ́, èmi gan-an ni mo gba ìgò yẹn tí mo dà sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìyá olóko... ẹ má bínú, ìyá onísítáàṣì ló gba ìgò lọ́wọ́ mi tó sọ ọ́ nù, tó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Àbúrò sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin.

OHÙN KEJÌ

Fóònù ló gé e. Ẹ ṣeun.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn ló là mí lóye. Ó ní kì í ṣe èéfín tí ojú ń rí ló ń pa èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò dáa. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta lójú. Ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbé atẹ́gùn rere kiri ara, àbí? Afẹ́fẹ́ olóró yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn rere lọ, ó ju ìlọ́po igba lọ. Ẹ fi wé àwọn èrò tó wọ bọ́ọ̀sì tí wọn ò sọ̀ mọ́: gbogbo ìjókòó ti kún, ẹni tó yẹ kó wọlé dúró sẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì ń lọ o, ṣùgbọ́n kò gbé ẹni tá a fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ àti ọkàn ṣe ń kú lójú oorun. Ẹni tó sùn kì í jí mọ́. Aboyún, ọmọ inú rẹ̀ ni í kọ́kọ́ mú.

Nǹkan tó dùn mí jù nígbà tó ń ṣàlàyé ni pé àwọn ọmọ yìí ti sọ fún mi. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò máa ń sọ láràárọ̀ pé, "Ọ̀gá, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi." Mo ní ibà ni. Mo ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì, mo tún bá a wí pé oorun ló ń kùn ún. Tó bá ti jókòó síta títí di aago mẹ́wàá, á dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: ibà kì í lọ torí pé èèyàn jáde síta. Tí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì mẹ́ta tó sun yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá ti fẹ́ atẹ́gùn, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Kóòlù pọ́ọ̀tù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé èédú tó ń jó wọlé torí òtútù òjò.

Epo pupa kò ṣe nǹkan kan fún un. Mílíìkì náà kò ṣe nǹkan kan. Inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà, kò sí nínú ikùn, epo kò sì lè bá a níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá dà sí i lẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun ló máa gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ wọ́ ọ jáde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí ọ́síjìn wà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ bá wà nílẹ̀, ẹ má dúró.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ agádágodo ni mo fẹ́ bá a yín sọ gan-an.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Mo lè ka ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà wa nìkan tí wọ́n ń ti ọmọ mọ́ inú rẹ̀ láti ìta. Tẹ́ ẹ bá bi wá, a ó ní torí olè ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Olè wà. Ṣùgbọ́n a tún ń bẹ̀rù pé ọmọ á ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rẹ́ lóru, pé á kó ọjà jáde, pé á lọ wo bọ́ọ̀lù. A ń ti ọmọ mọ́lé torí pé a kò fọkàn tán an, a sì tún ní kó máa ṣọ́ ọjà fún wa. Ìkan nínú méjèèjì kọ́ ni? Mo bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fi jókòó sí ọsibítù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìkòròdú, ẹ ó rántí Odógunyàn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Iná sọ nílé iṣẹ́ kan níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú, ilẹ̀kùn wà ní títì. Torí kí wọ́n má baà jí nǹkan gbé ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn jóná síbẹ̀, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ṣeé dá mọ̀ mọ́.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló sọ èyí fún mi, mo ní kó fi hàn mí kí n fojú ara mi kà á. Ní New York, ní 25 oṣù kẹta ọdún 1911, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń rán bùláòsì. Wọ́n ń pè é ní Triangle. Àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n wà. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àlejò ni wọ́n, láti Ítálì, láti ìlú àwọn Júù ní Yúróòpù, àwọn tó wá oúnjẹ wá sí ìlú onílùú bíi tiwa. Ọ̀gá wọn ń ti ilẹ̀kùn kan kí wọ́n má baà mú aṣọ jáde. Iná sọ nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà ń parí lọ. Èèyàn 146 ló kú. Àwọn kan bẹ́ láti ojú fèrèsé. Láti ìgbà náà ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin lé òfin.

Àwa náà ní òfin. Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi lè tètè ṣí i. Ilé iṣẹ́ ńlá ni òfin yẹn ń bá wí, kò sí ẹni tó máa wá yẹ ṣọ́ọ̀bù ike wò. Òfin mìíràn tún wà, ti 2010, lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló yẹ kó máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó iṣẹ́ fún àjọ NSITF. Èmi ò san án rí. Ta ló ń san án nínú wa? Ẹ má dá mi lóhùn lórí gúrúùpù.

Mo pe ìyá ọmọ náà. Ọjọ́ kejì ni mo tó ní ìgboyà. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ tiyín?" N ò rí èsì fún un. Àwọn àgbà sọ pé tí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ti sọ tèmi.

OHÙN KẸTA

Èyí kò ní gùn.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo pe wẹ́dà. Ó yọ ibi tí agádágodo ìta ń kọ́ sí, ó ṣe ìdè irin mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, láti inú. Àwọn ọmọ ló ń ti ara wọn mọ́lé báyìí, àwọn náà ló ń ṣílẹ̀kùn. Ó gé bọ́gílárì fèrèsé ẹ̀yìn, ó sọ ọ́ di ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí láti inú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń kọ́ sára ògiri níbi tí ọwọ́ lè bà lókùnkùn. Owó wẹ́dà kò tó èrè báàlì báfù méjì. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ọdún mélòó ni mo fi ń wo owó yẹn?

Ẹnì kan bi mí léèrè lọ́jọ́sí pé tí wọ́n bá wá kó ọjà jáde ńkọ́? Mo ní kí wọ́n kó o. Láti ọdún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò tíì kó báfù kan.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó yẹ kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà mẹ́fà. Mo mọ̀ pé nínú ọjà wa, tẹ́ ẹ bá gbé e sí mítà mẹ́fà, iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lẹ gbé e sí. Ohun tí àwa mẹ́rin lójú ọ̀nà wa ṣe ni pé a para pọ̀, a ṣe àgò irin kan sí ẹ̀yìn ilé, a fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀, a fi páànù bo orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi díẹ̀ ni, a ń pín iná rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́, a ti pa á. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sùn tì í bó bá ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ìta ló wà. Mo ra fáànù tó ń gba iná pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún mi pé fèrèsé tó ṣí díẹ̀ ti tó. Fèrèsé tiwa ṣí díẹ̀.

Bẹntiróòlù pàápàá. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo wa la di ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì. Tí a bá gbọ́ pé ó fẹ́ wọ́n, a ó rọ ogún lítà, a ó gbé e sábẹ́ tábìlì. Àwa tá a wà ní ìpínlẹ̀ Delta kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní ohun tí epo lè ṣe. Mo wà níbí nígbà tí Jesse ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, lẹ́bàá Sapele níbí. Paípù epo ló ń ṣàn, àwọn èèyàn ń gbọ́n ọn, iná sọ. Iye tí wọ́n kà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀gágun Abdulsalami tó wà lórí oyè nígbà náà wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní oníbàárà kan láti ibẹ̀ tó máa ń ra kúlà lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò tún rí i mọ́.

Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Kẹ́ẹ̀gì lè wà lẹ́yìn ilé kí àbẹ́là wà níwájú, kí ó sì rìn lọ bá a. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó da epo sí i, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wòran. Tó bá gbiná, ẹ má da omi sí i, á gbé iná náà káàkiri ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn méjì, ọ̀fẹ́ ni. Èmi tí mò ń ta ike, tí ọjà mi bá gbiná, èéfín rẹ̀ á ti pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù fóòmù náà ẹ gbọ́ o.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn dídùn àti ẹrù gbígbé náà. Ẹlòmíì á sọ ìyẹn. Ẹ má fi ọmọ kan gbé báàlì tó yẹ kí méjì gbé, ó tán.

Ẹ̀ ń béèrè bí àwọn ọmọ ṣe wà. Àbúrò wà níbí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, òun ló ń bá mi di fóònù mú yìí. Ẹ̀gbọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé nǹkan. Tẹ́lẹ̀, ó mọ iye gbogbo ọjà lórí. Báyìí, mo ti lẹ bébà mọ́ ara wọn. Dókítà ní ó lè padà bọ̀ sípò, kó tún má padà. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọdún tó kù kó tó gba òmìnira, mo fà á yọ, owó tí n ó fi dá a sílẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìpàdé, mo fẹ́ kí a rìn kárí ṣọ́ọ̀bù wa, àwa àgbà márùn-ún, ká wo ilẹ̀kùn nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ń ti ọmọ mọ́lé láti ìta, kó tètè sọ, a ò ní dójú tì í. Wẹ́dà tó ṣe tèmi ti gbà láti dín owó kù tí a bá tó ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Èmi àti oníṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ti fọwọ́ sí i, ó ku márùn-ún. Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ó dàárọ̀ o.